Hápíìsì Láàárín Àfẹ́sọ́nà: Ohun tí Àyẹ̀wò Lè Sọ àti Ohun tí Kò Lè Sọ

Mo mọ̀ pé àkọlé ọ̀rọ̀ mi yóò ti mú kí àwọn mìíràn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ni, ọ̀rọ̀ abẹ́ kì í sì í ṣe ohun tí àwa Yorùbá ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwa tí a kọ́ nípa àrùn bá dákẹ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ìwádìí láyé àtijọ́ àti lóde òní

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í gbé ìyàwó láìṣe ìwádìí. Bí ìdílé kan bá ti fi ojú sí ọmọbìnrin kan lára, wọn yóò rán àwọn tí ó mọ tinú tòde lọ láti wádìí bóyá ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè wà nínú ìdílé rẹ̀. Ìdílé ọmọbìnrin náà kò ní jókòó lásán. Àwọn náà yóò wádìí ìdílé ọkọ. Alárinà ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kìn-ín-ní sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, wọn yóò sì bi Ifá léèrè. Ìgbà tí ọkàn tọ̀tún tòsì bá balẹ̀ ni a tó ń sọ̀rọ̀ ìjọ́hẹn àti ìdána.

Lóde òní, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ alárinà ṣe. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í so tọkọtaya pọ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ rí èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Èyí dára púpọ̀. Bí ọkùnrin bá jẹ́ AS tí obìnrin náà sì jẹ́ AS, àyẹ̀wò náà sọ ohun kan pàtó fún wọn: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS. Bákan náà ni àyẹ̀wò kòkòrò HIV, nítorí pé oògùn wà fún ẹni tí ó bá ní in, oògùn náà sì lè mú kí ó má ràn án mọ́.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí rò pé bí jẹ́nótáìpù ti rí ni gbogbo àyẹ̀wò rí: kí a fa ẹ̀jẹ̀, kí a ka ìwé, kí a sì dájọ́. Hápíìsì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtàn kan ni ó kọ́ èmi pàápàá ní ẹ̀kọ́ yìí, n kò sì ní fi ìtìjú mi pamọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó mú ìwé wá

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọ inú yàrá iṣẹ́ mi. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí mò ń fẹ́ ni ó ní kí n lọ ṣe gbogbo àyẹ̀wò kí àwọn òbí wa tó pàdé. Wọ́n ní mo ní hápíìsì, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní egbò kankan rí.”

Mo wo ìwé náà. Mo rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní in, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí. Mo kọ oògùn fún un, mo sọ fún un pé àrùn náà kì í sábà pa ènìyàn, mo sì ní kí ó máa lọ. Mo rò pé mo ti tù ú nínú.

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti rù. Wọ́n ti sún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú, wọn kò sì dá ọjọ́ mìíràn. Ó bi mí pé, “Ta ni ó kó o ràn mí, sà? Ojoojúmọ́ ni ó ń bi mí, n kò sì mọ orúkọ tí n óò dá.” Ìgbà náà ni mo tó tún gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì wo nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà. 1.6 ni. Ojú tì mí. Kí ẹ tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí hápíìsì jẹ́.

Kí ni hápíìsì?

Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan máa rákò. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Kì í ṣe irú kòkòrò tí ó ń fa àtọ̀sí, nítorí náà kápúsù tí àwọn ènìyàn ń dá rà lọ́jà nítorí àtọ̀sí kò lè ran ẹni tí ó ní in lọ́wọ́.

Oríṣi méjì ni fáírọ́ọ̀sì yìí. Oríṣi kìn-ín-ní fẹ́ràn ẹnu. Òun ni ó ń fa àwọn ìléròrò wẹ́wẹ́ olómi tí ó máa ń yọ sí etí ètè, èyí tí a máa ń sọ pé ibà ni ó jáde sí ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó o láti kékeré, láti ẹnu àwọn àgbà tí ó fẹ́ràn wọn. Oríṣi kejì fẹ́ràn abẹ́, ìbálòpọ̀ ni a sì fi ń kó o. Ṣùgbọ́n oríṣi kìn-ín-ní náà lè dé abẹ́ bí ẹnu bá kan abẹ́.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2020, bílíọ̀nù 3.8 ènìyàn tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún ni ó ní oríṣi kìn-ín-ní. Èyí jẹ́ ènìyàn 64 nínú 100. Àwọn tí ó ní oríṣi kejì láàárín ẹni ọdún 15 sí 49 tó mílíọ̀nù 520, èyí tí ó jẹ́ 13 nínú 100. Àwọn obìnrin tí ó ní in pọ̀ ju àwọn ọkùnrin lọ, ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára ibi tí ó ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níhìn-ín, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe àlejò láàárín wa.

Bí ó bá ti wọ inú ara, kì í jáde mọ́. Ó máa ń gba inú iṣan ìmọ̀lára lọ sá pamọ́ sí ìdí iṣan náà. Oríṣi kìn-ín-ní a máa sá sí ìdí iṣan ojú, oríṣi kejì a sì máa sá sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ó ń sùn sí. Bí àárẹ̀, ibà tàbí ìdààmú bá dé, ó lè jí, kí ó sì tún gba ọ̀nà iṣan yẹn padà wá sí awọ ara.

Bí ó ti ń ràn

Kí awọ kan awọ ni ó fi ń ràn, tàbí kí itọ́ tàbí omi ara ẹni tí ó ní in kan ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́. A kì í kó o lára àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lára ṣíbí tàbí lára aṣọ ìnura. Bí ó bá fẹ́ fi ara hàn, ó máa ń tó ọjọ́ 2 sí 12 lẹ́yìn tí a kó o. Ti àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù: ìléròrò tí ó di egbò, ìrora bí a bá ń tọ̀, ibà, àti kókó tí ó wú ní ìdí itan. Àwọn èyí tí ó bá tún yọ lẹ́yìn náà kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rí nǹkan kan rí, tàbí tí ó rí i tí ó rò pé ẹ̀fọn tàbí èéwo ni. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2005 sí 2008, nínú ènìyàn 100 tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi oríṣi kejì hàn, bí 81 ni dókítà kò sọ fún rí pé wọ́n ní in. Irú àwọn wọ̀nyí sì lè kó o ran ẹlòmíràn. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2011, ènìyàn 498 tí ó ní oríṣi kejì ń fi òwú nu abẹ́ wọn lójoojúmọ́ kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lára àwọn tí egbò máa ń yọ sí, a rí fáírọ́ọ̀sì náà ní ọjọ́ 20 nínú 100. Lára àwọn tí kò ní egbò rí, a rí i ní ọjọ́ 10 nínú 100.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹnì kan lè gbé fáírọ́ọ̀sì náà fún ọdún pípẹ́ kí egbò tó yọ sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí egbò bá yọ sí ẹnì kan nínú àwọn méjì tí ó ti jọ wà tipẹ́, kò tó ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni jáde síta. Ó lè jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ó ti wọlé. Mo ti rí ilé tí ó tú nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún wọn.

Àyẹ̀wò àti òdiwọ̀n rẹ̀

Oríṣi àyẹ̀wò méjì ni ó wà. Èkínní ni kí a fi òwú nu ojú egbò, kí a sì fi ọ̀nà PCR wá fáírọ́ọ̀sì náà níbẹ̀. Èyí ni ó dájú jù. Yóò sọ bóyá hápíìsì ni, yóò sì sọ oríṣi tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n egbò gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì jẹ́ tuntun. Bí egbò bá ti ń jiná, òwú lè má rí nǹkan kan, èyí kò sì túmọ̀ sí pé kò sí i.

Èkejì ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kì í wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ó ń wá àwọn ọmọ ogun tí ara ti kó jọ láti bá a jà. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́nà kìn-ín-ní, ara kì í kó ogun jọ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀jẹ̀ tó fi í hàn. Lọ́nà kejì, bí ẹ̀jẹ̀ bá fi oríṣi kìn-ín-ní hàn, kò lè sọ bóyá ẹnu ni ó wà tàbí abẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan kò lè sọ ìgbà tí a kó o tàbí ẹni tí ó kó o ranni.

Ọ̀nà kẹta ni ó kan ọ̀dọ́mọbìnrin mi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù máa ń parí sí nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà náà bá ju 1.1 lọ, a ó kọ ọ́ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà láàárín 1.1 sí 3, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń jẹ́ irọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Uganda pàápàá fi hàn pé àṣìṣe àyẹ̀wò yìí pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò kejì, tí a fi ọ̀nà mìíràn ṣe, kí a tó gba ti àkọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ènìyàn 100 wá fún àyẹ̀wò, tí 10 nínú wọn ní fáírọ́ọ̀sì náà lóòótọ́, tí 90 kò ní. Ká ní àyẹ̀wò náà rí gbogbo àwọn 10 yẹn, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣi ẹnì kan mú nínú mẹ́wàá lára àwọn tí kò ní in. Yóò ṣi ènìyàn 9 mú. Àwọn tí a ó sọ fún pé wọ́n ní in yóò jẹ́ 19, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì wọn yóò sì jẹ́ aláìní. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ tí ó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò fi sọ ní ọdún 2016, tí ó sì tún un sọ ní ọdún 2023, pé kí a má ṣe máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hápíìsì fún ẹni tí kò ní àmì kankan.

Èyí kò wí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò wúlò rárá. Ó wúlò fún ẹni tí egbò ń yọ sí tí òwú kò rí nǹkan. Ó wúlò fún ẹni tí ó mọ̀ pé àfẹ́sọ́nà òun ní in, tí ó fẹ́ mọ ibi tí òun dúró sí. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a mọ ìdí tí a fi ń ṣe é, kí a sì mọ ẹni tí yóò túmọ̀ èsì rẹ̀ fún wa.

Ìparí ìtàn náà

A ṣe àyẹ̀wò kejì fún ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní ọ̀nà mìíràn. Kò ní in. Mo ní kí ó mú ẹni tí ó ń fẹ́ wá, ó sì mú un wá. Ọmọlúwàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo bi í bóyá òun náà ṣe àyẹ̀wò. Ó ní rárá, sà. Mo wá bi í pé, “Ǹjẹ́ ibà kì í jáde sí ọ lẹ́nu?” Ó ní, “A máa jáde, sà, pàápàá nígbà ọyẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí èyí sábà máa ń jẹ́, ẹ̀rín náà kúrò ní ojú rẹ̀.

Mo sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ibà ti ń jáde sí mi ní ètè ìsàlẹ̀. Ìyá mi máa ń fi òrí pa á, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí ní oníṣekúṣe. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí fáírọ́ọ̀sì kan náà fi jẹ́ ibà lásán bí ó bá wà lókè, tí ó sì di ẹ̀gàn bí ó bá wà nísàlẹ̀.

Wọn kò fẹ́ ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ti bọ́ lẹ́nu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò ṣeé kó padà. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni. Bí mo bá ti wo nọ́ńbà yẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bóyá ìbá má rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í ka èsì fún ẹnikẹ́ni láìjókòó tì í.

Ohun tí àwọn méjì lè ṣe

Bí ẹnì kan bá mọ̀ dájú pé òun ní in ńkọ́? Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí ó sọ ọ́ kí ìbálòpọ̀ tó wáyé. Kí ó sọ ọ́ ní ọ̀sán gangan, níbi tí ara ti tu àwọn méjèèjì, kì í ṣe lórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní láti gùn. Ó lè sọ pé, “Mo ní ohun kan tí ó yẹ kí o mọ̀ kí ọ̀rọ̀ wa tó jinlẹ̀. Mo ní hápíìsì. Mo mọ bí a ti ń dènà rẹ̀. Lọ rò ó, kí o sì bi mí ní ohunkóhun.” Kí ẹni tí a sọ ọ́ fún náà rántí pé ẹni tí ó sọ irú èyí ti fi ọkàn tán an.

Èkejì, kí wọ́n yẹra fún ìbálòpọ̀ nígbà tí egbò bá wà, àti nígbà tí ara bá ti ń rìn wọ́n tàbí tí ó ń yún wọ́n ní ibi tí ó máa ń yọ sí. Bí ó bá jẹ́ ètè ni, kí wọ́n yẹra fún ìfẹnukonu, kí wọ́n má sì fi ẹnu kan ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀kẹta, kọ́ńdọ̀mù. Kì í bo gbogbo ibi tí fáírọ́ọ̀sì náà lè gbà jáde, ṣùgbọ́n ó ń dín ewu kù.

Ẹ̀kẹrin ni oògùn. Oògùn tí ó ń lé e kúrò nínú ara pátápátá kò sí, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fi ọwọ́ sí kò sì tíì sí. Ṣùgbọ́n acyclovir àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń kápá rẹ̀. Gertrude Elion, ọ̀kan lára àwọn tí iṣẹ́ wọn bí acyclovir, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988. Ní ọdún 2004, èsì ìwádìí kan jáde lórí tọkọtaya 1,484 tí ẹnì kan ní oríṣi kejì tí ẹnì kejì kò ní. A fún ìdajì àwọn tí ó ní in ní valacyclovir mílígíráàmù 500 lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ, a sì fún ìdajì yòókù ní oògùn tí kò ní agbára. A gba gbogbo wọn nímọ̀ràn láti lo kọ́ńdọ̀mù. Nínú àwọn tí ẹnì kejì wọn lo oògùn gidi, 14 nínú 743 ni ó kó fáírọ́ọ̀sì náà. Nínú àwọn yòókù, 27 nínú 741 ni. Oògùn náà dín ewu kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ tún wò ó: àní láìlo oògùn, àwọn tí kò kó o ju 700 lọ.

Oyún àti HIV

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibì kan wà tí hápíìsì ti jẹ́ ẹ̀tẹ̀ gidi, òun sì ni ara ọmọ tuntun. Bí aboyún bá kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí ìrọbí ti súnmọ́, ewu pé ọmọ yóò kó o nígbà ìbí tó 30 sí 50 nínú 100, ó sì lè pa ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá ti ní in tipẹ́ kí ó tó lóyún, ewu náà kò tó ẹyọ kan nínú 100, nítorí pé ọmọ ogun ara ìyá ti ń ṣọ́ ọmọ. Nítorí náà, kí aboyún sọ fún agbẹ̀bí tàbí dókítà rẹ̀ bí òun tàbí ọkọ òun bá ní in. Bí egbò bá wà nígbà ìrọbí, iṣẹ́ abẹ ni a ó fi gbé ọmọ náà. Ọkọ tí ó ní in tí ìyàwó rẹ̀ kò ní, kí ó yẹra pátápátá ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn.

Ohun kejì ni pé oríṣi kejì ń mú kí ewu àtikó HIV tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ní in kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò HIV ṣeré.

Ìgúnlẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà gbé hápíìsì sí iwájú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ẹ̀gàn tuntun. Láti ìgbà náà, ìtìjú rẹ̀ ti ṣe àwọn ènìyàn ní ibi ju egbò rẹ̀ lọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìwádìí dára, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí ń wádìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ó sì gbé e yẹ̀ wò kí ó tó dájọ́. Ìwé àyẹ̀wò kò ní etí, kò sì ní ojú àánú. Àwa tí a ń kà á ni a gbọ́dọ̀ ní in.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fẹ́ra sọ́nà, bí ẹ bá máa lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ jọ lọ, kí ẹ jọ gba èsì, kí ẹ sì jọ bi dókítà léèrè iye tí nọ́ńbà náà jẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá gbé ìwé wá fún yín, ẹ má tíì sún ọjọ́ síwájú. Ẹ̀yin dókítà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn.